Ibà Tó Ń Ṣa Àgbo Mu

"Ibà ni, sà," ni Dáraọlá wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì láti gba ìgò náà.

Alàgbà Jacob kò tíì fẹ́ fi ìgò sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wọn ní Ìkéré. Kò sí ohun tó lè fi lé èèyàn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ mi. Èèpo igi ahùn wà nínú rẹ̀. Ewé dóńgóyárò wà nínú rẹ̀. Èèpo mángòrò náà ń bẹ níbẹ̀. N kò jẹ́ kí omi kàn án rárá. Ògógóró tó mọ́ gaara ni mo rẹ ẹ́ sí. Ibà tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ lásán á ti di ẹrù rẹ̀."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà."

"Ṣé Dọ́kítà mu èyí tí mo gbé wá lọ́jọ́sí?"

"Wọ́n ti mu ún tán, sà."

Inú Alàgbà dùn débi pé ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ló ń mọ iyì àgbo."

Dáraọlá ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìgò náà sórí tábìlì ìjẹun, ó tò ó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí wá láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, èyí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, èyí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tí òun àti Dádì jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló rùn fún ọtí lábẹ́ ìdérí. Ká ní wọ́n gbé pátákó kan síta ni, oníbàárà ì bá máa wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò rùn fún ọtí: ti Àlhájà Àmínátù, ìyá Toyyibat ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilé wọn kọjú sí tiwọn. Omi ni Àlhájà fi se tirẹ̀. Ó kún bámúbámú, bó ṣe kún lọ́jọ́ tó dé.

Báyìí ni ibà náà ṣe wọ ilé Ọlábọ̀dé. Dọ́kítà Ọlábọ̀dé, bàbá Dáraọlá, kì í ṣe dọ́kítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Dọ́kítà ìwé ni. Kẹ́mísírì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ọtí jẹ́ tó o bí ó bá dé iwájú pátákó ìkọ̀wé. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó rí i nínú ìgò kí ó kọjá lọ. Ife kan lẹ́yìn iṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ife di ìgò. Ìgò kúrò ní ti alẹ́, ó di ti àárọ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó síbi ìdánwò, wọn kò rí olùkọ́ wọn. Wọ́n pè láti ọ́fíìsì. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù: igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama, obìnrin tí gèlè rẹ̀ kì í wọ́, tí bàtà rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ kì í jà.

"Ibà ni o," ni ó wí.

Àìsàn tó níyì ni ibà. Bíṣọ́ọ̀bù ń ní in, ọba ń ní in, kò sì sẹ́ni tí í béèrè ibi tí o ti lọ kó o. Láti ọjọ́ náà, lójò lẹ́ẹ̀rùn, ibà kò kúrò nínú ilé náà mọ́.

"Ṣé o gbọ́ mi, Dára?" Mọ́mì sọ fún un nínú ilé ìdáná. "Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ibà ni. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo."

Dáraọlá gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ti wọ kíláàsì SS2. Òun ni agbẹnusọ fún ibà. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé etí rẹ̀ kì í sinmi. Bí ọkọ̀ Dádì bá wọlé, tí ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan, ó dáa. Bí ó bá ń tì í tí kò wọlé, tí ó tún ń tì í, kí wọ́n yáa kó ìwé wọn kúrò ní pálọ̀. Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó ti lé Toyyibat sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà ò fi yà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gideon, olùkọ́ wọn, ní kí ó ṣe olórí àwọn tí yóò ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje àríyànjiyàn, ó kọ̀, nítorí wọ́n máa ń pe àwọn òbí, Dádì sì lè gbé ibà dé ibẹ̀.

Ó tilẹ̀ ti gbìyànjú láti fi ìwé wo ibà náà sàn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ṣe ipò kìíní, Dádì yóò jáwọ́. Ó ṣe ipò kìíní. Inú Dádì dùn púpọ̀, ó sì fi ọtí ṣe ayẹyẹ rẹ̀.

Nínú ilé náà, ẹnì kan péré ló gbà pé ibà ni lóòótọ́: Ayọ̀bámi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí irọ́ tí kì í rí ẹnì kan tó máa gbà á gbọ́, ẹni tí a fẹ́ràn jù ló sì sábà máa ń jẹ́. Ní gbogbo àdúrà alẹ́, ọmọ náà á di ojú rẹ̀ pinpin: "Ọlọ́run, bá wa mú ibà kúrò lára Dádì." Mọ́mì á ní "Àmín," á sì máa wo fèrèsé.

Kò pẹ́ tí Alàgbà lọ tán ni Àlhájà Àmínátù yà wọlé láti gba ìgò rẹ̀. Gàrí ló ń tà. Òwò náà ti kọ́ ọ láti máa fi ojú wọn nǹkan kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ó gbé ìgò sókè, ó wò ó.

"Dára, àgbo mi ò dín."

"Wọ́n... wọ́n ní ó korò, mà."

"Ti Alàgbà ńkọ́?"

"Ó ti tán, mà. Wọ́n tún gbé òmíràn wá."

"Ti àwọn akọrin?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Àlhájà wo àwọn ìgò tó wà lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn Ìkéré ló fi sọ ọ́, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. "Mo ti tọ́jú ubà púpọ̀ ní ulé mi. N kò tíì rí ubà tó ń ṣa àgbo mu."

Dáraọlá wo ilẹ̀.

"Ibà ni, mà," ni ó wí.

"Ó dáa, ọmọ mi." Àlhájà gbé ìgò rẹ̀ padà sórí tábìlì. "Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wúwo jù fún ọ, ẹnu ọ̀nà mi kò jìnnà."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn onílé wá kí aláìsàn. Wọn kò kàn ṣàdédé wá. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n sì fi ránṣẹ́ ṣáájú. Mọ́mì yí kọ́tìnì padà, ó fi lọ́fínńdà sí gbogbo igun ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá tí Dọ́kítà ń sùn sí. Wọ́n jókòó yí pálọ̀ ká. Láti ojú fèrèsé, èèyàn lè rí orí òkè Olósùnta tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni dá sí i.

Alàgbà Jacob dìde. Ó ní kókó mẹ́ta lòun fẹ́ sọ. Lẹ́yìn tó ti sọ ìkíní fún ìgbà pípẹ́, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èèyàn kékeré, ibà kékeré. Èèyàn ńlá ni ibà ńlá ń ṣe."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni akọ̀wé wí. Mọ́mì tẹ orí ba, bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Àlhájà nìkan ni kò mi orí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rín kan jáde láti ibi tábìlì ìjẹun. Ayọ̀bámi wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń kọ orin tí wọ́n fi ń wọ kíláàsì, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ ijó. Ó jó dé iwájú Alàgbà, ojú rẹ̀ yí sókè, ó sì ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Pálọ̀ dàrú.

"Ibà ti ràn án."

"Gìrì ni, ẹ mú ṣíbí wá."

Mọ́mì ti gbé ọmọ náà mọ́ra. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Dáraọlá rí i tí ìyá rẹ̀ gbọ́ òórùn náà, ó rí i tí ẹnu rẹ̀ là, tí ó pa dé, tí ó tún là. "Ibà..." ni Mọ́mì wí. Ojú gbogbo àdúgbò wà lára rẹ̀. "Ibà ni."

"Àgbo mi dà?" ni Alàgbà béèrè, ó sì ti fúnra rẹ̀ gbé ìgò náà. Ó ti ń dà á sínú ṣíbí. "Ẹ la ẹnu rẹ̀ fún mi. Ṣíbí kan péré, yóò jí."

Ìgbà náà ni Dáraọlá rí ife ike tí Ayọ̀bámi fi ń mu tíì, lẹ́bàá tábìlì ìjẹun. Ohun pupa kan ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Kò tún sí ohun tí ó ṣókùnkùn mọ́. Bí òun bá dákẹ́, àṣírí ilé yóò bò, ṣíbí yóò sì wọ ẹnu àbúrò òun. Bí òun bá sọ̀rọ̀, kò ní sí ilé kan ní àdúgbò náà tí wọn kò ní fi orúkọ bàbá òun jẹun alẹ́.

Ó di ọwọ́ Alàgbà mú. Kò tíì di ọwọ́ àgbàlagbà mú bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má fún un, sà. Kì í ṣe ibà. Ọtí ló mu. Àgbo yín ló mu."

"Dára," ni Mọ́mì wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò sí ibà nínú ilé yìí, mà. Kò sí i rí. Ọtí ló ń ṣe Dádì wa. Ẹ sọ fún mi pé ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Mọ́mì, èkúté náà ló ń jẹ wá báyìí."

Ṣíbí dúró lófuurufú. Alàgbà Jacob, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wo ìgò, ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀. "Ṣé ògógóró tèmi ni?"

"Tiyín àti ti gbogbo àwọn tó kù, sà. Ti Àlhájà nìkan ni wọn kò mu."

Àlhájà Àmínátù kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó fi ń kó gàrí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé e bọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí èébì má bàa há a lọ́fun."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Dọ́kítà Ọlábọ̀dé dúró níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ń já lulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mú un, ó tún ń já. "Èmi ni mo máa wà á," ni ó wí. "Ọmọ mi ni."

Gbogbo ẹgbẹ́ onílé rí ibà náà lójúkojú.

Mọ́mì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú báàgì. Gèlè rẹ̀ ti wọ́, kò sì tún un ṣe. "Ẹ jókòó, Bàbá Dára," ni ó wí. "Dára, ó yá."

Ní ilé ìwòsàn, dọ́kítà kan béèrè ohun tí ọmọ náà mu. Dáraọlá sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì nawọ́ ife ike náà sí i. Dọ́kítà náà ní ọtí ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀; wọ́n fi omi ṣúgà sí i ní iṣan. "Ẹni tó sọ òtítọ́ fún wa ló gba ọmọ yìí là," ni ó sọ fún Mọ́mì. "Ká ní ibà lẹ ní kí a wò ni, ibà là bá máa wò."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Modúpẹ́ bá Dáraọlá lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó jókòó tì í. "Ìwọ náà ńkọ́? Báwo ni ìwọ?"

Láti ìgbà tí ibà ti wọ ilé wọn, gbogbo ayé ló ń béèrè báwo ni Dádì. Kò sẹ́ni tó béèrè èyí rí. Dáraọlá bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sun ún tán.

"Mo ṣe ipò kìíní kí wọ́n lè jáwọ́," ni ó wí.

"Ṣé wọ́n jáwọ́?"

"Wọ́n fi ọtí ṣe ayẹyẹ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Dáraọlá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rín, pẹ̀lú omijé lójú.

"Gbọ́, àbúrò mi," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ìwọ kọ́ lo fi ọtí sí bàbá rẹ lẹ́nu, o kò sì lè fi ipò kìíní gbà á kúrò níbẹ̀. Àìsàn ni, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o sùn, kí o jẹun, kí o ṣeré, kí o sì ní ẹnì kan tí o lè sọ òtítọ́ fún. Ṣé o ní irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Dáraọlá wo ẹ̀yìn. Toyyibat ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lórí, ó ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá dí i lọ́nà. "Mo ní, mà."

Nígbà tí Ayọ̀bámi lajú lọ́jọ́ kejì, Dádì ló jókòó tì í. Ó ti wẹ̀.

"Kí ló dé tí o mu ún?" ni ó béèrè.

"Bí ẹ bá ti mu àgbo yẹn ni ibà náà máa ń pọ̀. Mo fẹ́ bá yín mú díẹ̀ nínú rẹ̀," ni ọmọ náà dáhùn. "Kí tiyín lè kéré."

Dọ́kítà Ọlábọ̀dé ti kọ ìwé púpọ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Èyí ló pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí ibà, Ayọ̀ mi. Ọtí ni Dádì ń mu. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Ó sì lọ. Ó lo oṣù díẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Adó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ọtí ti di bárakú fún. Kò rọrùn. Lẹ́yìn tó padà wálé, ó tún ṣubú sínú ọtí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, fúnra rẹ̀ ló pe ilé ìwòsàn, tí ó ní ọtí ni.

Mọ́mì náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ó da gbogbo àgbo olọ́tí nù, ó kó àwọn òfìfo ìgò sínú báàfù, ó sì ń dá wọn padà lójúlé-lójúlé. "Ẹ ṣeun. Kì í ṣe ibà. Ọtí ni." Ní ilé kìíní, ohùn rẹ̀ ò jáde. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin, ó ti ń dún ketekete.

Lóòótọ́, àdúgbò sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ra ọkọ̀ tí ó tóbi ju géètì rẹ̀ lọ, ẹnu sì kúrò lára ilé Ọlábọ̀dé. Bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe gùn mọ ni yẹn. Alàgbà Jacob sì yọ́ wá bá Dáraọlá lọ́jọ́ kan, ó ní kí ó fún òun ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn Adó, "nítorí ọ̀rẹ́ mi kan." Dáraọlá fún un, kò sì béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà.

Dáraọlá padà sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gideon. Lọ́jọ́ ìdíje, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì figagbága, ó wo àárín àwọn òbí. Dádì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi, ó fara balẹ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ilé-ìwé Dáraọlá ló gba ife. Kò wojú bàbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ife náà yóò wò ó sàn. Ó yọ̀ fún ara rẹ̀.

Òjò dé. Ní òwúrọ̀ kan, Dádì jí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Mọ́mì wò ó, Dáraọlá wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n pé ọtí ti tún dé. Wọ́n gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èsì jáde: ibà. Ibà gidi, tí ẹ̀fọn gidi fà. Mọ́mì dì mọ́ onílé-àyẹ̀wò náà, ọkùnrin yẹn ò sì mọ ohun tí òun ṣe. Wọ́n ra oògùn. Nígbà tí wọ́n délé, Àlhájà ti gbé ìgò tirẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Dádì mu ife kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó korò," ni ó wí.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Àlhájà dáhùn. "Ẹ mu ún tán."

Ó sì mu ún tán.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Alàgbà Jacob ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó dúró jìnnà díẹ̀ bí ẹni tó ti kọ́gbọ́n. "Dára, ọmọ mi, kí ló ń ṣe Dọ́kítà gan-an?"

Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Dáraọlá kó tó lanu. Lẹ́yìn rẹ̀, Ayọ̀bámi náà ti ń rín.

"Ibà ni, sà," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìwọ tí ń ka èyí, bí irú ibà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ìwọ kọ́ lo fà á, ìwọ kọ́ ni yóò sì dá nìkan gbé e. Wá àgbàlagbà kan tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí, kí o pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀. Iyì tí a fi irọ́ rà, ọmọ ilé ló máa ń san án. Àìsàn tí a kò bá sì pè lórúkọ, oúnjẹ rẹ̀ ni aráyé yóò máa gbé wá fún un, tí wọ́n á ní oògùn ni.